Omi wo ni kí ẹ bù sínú àpótí ẹja omi iyọ̀ l'Ékòó? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àpótí gíláàsì tó ń gba ọgọ́rùn-ún lítà omi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ra iyanrìn, ó ti ra òkúta, ó ti ra ẹ̀rọ tó ń da omi rú. Omi ló kù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ pọn omi òkun ni, àbí kí n ra iyọ̀ kí n pò ó mọ́ omi kànga dẹ̀rọ ilé wa?" Mo dá a lóhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù lọ, ni mo bá jókòó kọ ọ́.

Ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú ẹni tó ń gbé Èkó tàbí agbègbè rẹ̀. Ó lè pọn omi òkun. Ó lè ra iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja, kó pò ó mọ́ omi kànga dẹ̀rọ tàbí omi ẹ̀rọ ìjọba, mọ́ omi òjò, mọ́ pure water inú ọ̀rá, tàbí mọ́ omi tó fi ẹ̀rọ RO, ìyẹn ẹ̀rọ asẹ́ tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò, sẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Mo ti lo gbogbo wọn rí àfi omi òjò, ẹja àti edé mi sì ti kú lórí méjì nínú wọn.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Ìwọ̀n iyọ̀ ni àkọ́kọ́. Omi òkun gbangba máa ń ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kìlógíráàmù omi kan. Lórí hydrometer, ohun èlò tó ń fi bí omi ṣe wúwo sí wọn iyọ̀, 1.025 sí 1.026 nìyẹn. Ooru omi kó wà láàárín dígírì 25 sí 27, pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, láàárín 8.1 sí 8.4, alkalinity, ìyẹn agbára tí omi ní láti má jẹ́ kí pH já lulẹ̀, láàárín 8 sí 11 dKH. Ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn, mo ń sọ iyùn tó wà láàyè, tó ń jẹun tó sì ń dàgbà lábẹ́ òkun, á tún wo calcium, 400 sí 450 miligíráàmù nínú lítà, àti magnesium, 1,250 sí 1,350. Ammonia, oró tó ń ti ìgbẹ́ ẹja àti ìjẹrà jáde, àti nitrite tí ammonia ń dà, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Nitrate, ohun tí nitrite ń dà nígbẹ̀yìn, tí kò tó 20 kì í pa ẹja, ṣùgbọ́n iyùn fẹ́ kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ̀yìn èyí ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí nínú omi rárá: bàbà, síǹkì, chlorine, epo, ọṣẹ. Ìwọ̀n bàbà tí ẹja lè fara dà ti tó láti pa edé àti ìgbín òkun.

Èyí tí mo kà sí jù lọ wá ni pé, ṣé irú omi tí ẹ rí lónìí náà lẹ máa rí lóṣù tó ń bọ̀? Àpótí ẹja kì í ṣe ohun tí à ń bu omi sí lẹ́ẹ̀kan, ká sì lọ sùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ máa pààrọ̀ bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ tún máa dí èyí tó gbẹ. Ibi tó sì ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí: omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Bí lítà kan bá ń gbẹ lójúmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún lítà, tí ẹ kò dí i, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, 35 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 39. Bí ẹ bá wá fi omi òkun dí i, iyọ̀ lẹ tún ń gbé lé iyọ̀. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó yan omi òkun pàápàá kò fi bọ́ lọ́wọ́ wíwá omi aláìníyọ̀ tó mọ́.

Owó, ẹrù àti iná ló kù. Ẹ má sì gbé ẹja kankan wọlé kí ẹ tó ra refractometer tó ń wọn iyọ̀ inú omi, ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ammonia, nitrite àti nitrate wò, àti mítà TDS. Mítà TDS kò ju bírò lọ. Ẹ ó tì í bọ omi, á ka àpapọ̀ ohun tó yòrò sínú omi náà fún yín. Kò lè sọ irú ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n omi tó bá ka òdo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ tàbí irú èròjà bẹ́ẹ̀ kankan tó yòrò sínú rẹ̀.

Omi òkun

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Gbogbo ohun tí iyùn ń fẹ́ ló ti wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, calcium bíi 410, magnesium bíi 1,280, alkalinity bíi 7 dKH. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ta òkun. Ìṣòro tiwa ni ibi tí a ti ń pọn ọ́n àti ìgbà tí a ń pọn ọ́n.

Ọ̀sà Èkó ń tú sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ èbúté. Odò Ògùn ń tú sínú ọ̀sà náà, àti gọ́tà, àti ẹ̀gbin ilé tí kò lóǹkà. Ní ìgbà òjò, omi aláìníyọ̀ yìí á bo ojú òkun nítòsí ibẹ̀. Lóṣù Keje ọdún kan, mo pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ní etíkun kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Nígbà tí mo délé, refractometer ka 26. Mo rò pé ìyẹn kò le, mo fi iyọ̀ kún un títí ó fi pé 35, mo sì fi pààrọ̀ omi. Ní ọjọ́ kejì, edé mi mẹ́ta ti dojú dé lórí iyanrìn. Nígbà tí mo yẹ kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ́kù wò, oògùn ammonia tó yẹ kó pọ́n bí òróró yí padà di àwọ̀ ewé lójú mi. Iyọ̀ tí mo fi kún un kò lè yọ ohun tí ọ̀sà gbé wá kúrò.

Láti ìgbà náà, apá Àgbádárìgì ni mò ń lọ. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe àṣà lásán. Ìṣàn omi òkun tó ń gba iwájú ilẹ̀ wa kọjá, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀, ìlà oòrùn ló sì ń lọ. Ohun tó bá ti ẹnu ọ̀sà Èkó jáde, apá Lẹ́kkí ló sábà máa ń darí sí. Láàárín Kútọnu àti Èkó, iyanrìn ni ó dí etíkun náà, odò kankan kò ya ẹnu sínú òkun níbẹ̀. Tí ẹ bá sì lọ jìnnà sí ìlà oòrùn, dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni etíkun wọn, kì í ṣe iyanrìn. Omi ibẹ̀ ṣòro láti lò fún iṣẹ́ yìí.

Bàbá apẹja Ẹ̀gún kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo omi. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, omi tó mọ́ ni mo wá pọn o, fún ẹja tí mò ń sìn nílé." Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì mi, wọ́n wo etídò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tó ń fọ́ sẹ́sẹ̀ wa yìí, iyanrìn lẹ máa gbé lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ gbé yín kọjá ìgbì. Tó bá dúdú bí aró, ẹ pọn ọ́n. Tó bá rí bí ògì bàbà, ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn." Ọjọ́ náà nínú oṣù Kìíní, refractometer ka 34. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ọkọ̀ fún ẹni tó mọ òkun. Ìgbì etíkun wa lágbára, ó sì ń fa èèyàn lọ. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì wọ inú rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ dúró kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá lẹ́yìn òjò, ẹ sì lọ nígbà tí omi bá ń kún. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi asẹ́ aláṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọn kò fi epo tàbí kẹ́míkà sí rí, ẹ bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú kò lè rí nínú omi òkun á kú nínú òkùnkùn náà, ìjẹrà wọn á sì di ammonia, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ́ wò kí ó tó kan ẹja.

Kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ lítà 25. Èyí tó kún ju kìlógíráàmù 25 lọ. Àpótí ọgọ́rùn-ún lítà fẹ́ mẹ́rin fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bíi méjì àbọ̀ lóṣù. Ẹni tó ní mọ́tò, tó sì ń gbé Ọ̀jọ́ tàbí Àgbádárìgì, lè fara dà á. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú bíi tèmi, owó epo mọ́tò nìkan á ra iyọ̀. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá, ẹ kò sì ní lè fọkàn tán an.

Kí á tó débi omi aláìníyọ̀: iyọ̀

Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o. Sodium àti chloride kó bí ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iyọ̀ òkun, èyí tó kù sì ni magnesium, calcium, sulfate, potassium àti àwọn yòókù. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní èyí tó kù yẹn. Iyọ̀ àpótí ẹja ní in. Òkè òkun ni ó ti ń wá, nítorí náà iye rẹ̀ ń bá dọ́là lọ, dọ́là sì kì í dúró. Ẹ fojú bù ú sí gíráàmù 35 sí 38 fún lítà kan. Ọgọ́rùn-ún lítà á gba bíi kìlógíráàmù mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, pípààrọ̀ omi oṣù kan á gba bíi méjì àti díẹ̀.

Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù, iyọ̀ lẹ máa dà sí i díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá da omi lé iyọ̀ lórí, calcium á pàdé carbonate níbi tí wọ́n ti pọ̀ jù, omi náà á funfun bí omi ògì, èyí tó bá sì ti funfun kò ní padà yòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dà á rú fún ọjọ́ kan gbáko. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, iyọ̀ á mu omi, á di òkúta nínú rọ́bà tí ẹ kò bá dé e mọ́lẹ̀ dáadáa.

Omi kànga dẹ̀rọ àti omi ẹ̀rọ ìjọba

Òun ló wà nítòsí jù, òun náà ló sì ń dà àwọn èèyàn láàmú jù. Omi kànga ilé wa mọ́ lójú. Bu ú sínú bàkéètì funfun, fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wàá rí ìlà pupa yíká bàkéètì náà. Irin ni. Mítà TDS ka 90, èyí tí ẹni tí kò mọ̀ lè pè ní omi rere. Nitrate rẹ̀ ni mo wá yẹ̀ wò: 20. Sókàwéè wa àti ti àwọn aládùúgbò kò jìnnà sí kànga náà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí mo bá ń fi lítà kan omi yìí dí àpótí ọgọ́rùn-ún lítà lójoojúmọ́, miligíráàmù 20 nitrate ló ń wọlé lójúmọ́. Omi á gbẹ, nitrate kò ní gbẹ. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọjọ́, 20 ti kún èyí tí ìgbẹ́ ẹja ń mú wá tẹ́lẹ̀. Mo fi oṣù mẹ́rin fọ ewé òbu kúrò lára gíláàsì mi kí n tó mọ̀ pé omi tí mo fi ń dí i ló ń bọ́ ewé òbu náà.

Kò túmọ̀ sí pé kànga gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá yẹ tiyín wò, tí nitrate jẹ́ òdo, tí irin kò sì sí, ẹja nìkan, láìsí iyùn, lè gbé nínú rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún yẹ ẹ́ wò nínú òjò, nítorí omi ilẹ̀ ń yí padà. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní tirẹ̀ ní chlorine. Ẹ fi afẹ́fẹ́ hó o di ọjọ́ kejì tàbí kí ẹ fi oògùn apachlorine sí i. Ìṣòro rẹ̀ tó ju chlorine lọ ni pé ó lè wá lónìí kó má wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Omi òjò

Ohun tí mo máa sọ lórí rẹ̀ kò pọ̀. Omi tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan nínú, páànù wa ló ń bà á jẹ́. Síǹkì ni wọ́n fi bo páànù, ó sì ń bá omi wálẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti eruku ọyẹ́ náà ti sinmi sórí òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó fi rọ́bà mímọ́ gbe é ní gbangba, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bó ti wù kó mọ́ tó, ó ṣọ̀wọ́n láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.

Pure water

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fo èyí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kan jẹ́ 50 cl, ogún ọ̀rá nínú báàgì kan jẹ́ lítà mẹ́wàá. Báàgì mẹ́wàá á kún àpótí ọgọ́rùn-ún lítà, ìyẹn igba ọ̀rá tí ẹ máa gé lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ ilé kí wọ́n wá bá yín gé e. Lẹ́yìn náà, pípààrọ̀ omi ọ̀sẹ̀ kan kò ju ọgbọ̀n ọ̀rá lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ohun tí nọ́ńbà NAFDAC ń sọ ni pé omi náà yẹ fún ènìyàn láti mu. Kò sọ pé òfo ni inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń fi RO sẹ́ tirẹ̀, òmíràn ń fi asẹ́ àti iná UV ṣe é, UV sì ń pa kòkòrò ni, kì í yọ nitrate. Mo ti ti mítà TDS bọ ọ̀rá tó ka 8, mo ti tì í bọ òmíràn ládùúgbò kan náà tó ka 140. Ẹ ra ọ̀rá kan péré lára oríṣi mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n ń tà nítòsí, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ mú èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ sì máa wọn ọ̀rá kan nínú gbogbo báàgì tuntun, torí ilé iṣẹ́ tí asẹ́ rẹ̀ bá ti gbó kò ní kọ ọ́ sára ọ̀rá fún yín.

Ẹ̀rọ RO nínú ilé

Òun ni mò ń lò báyìí. Omi ń gba asẹ́ ìdọ̀tí kọjá, ó ń gba èédú kọjá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í pẹ̀lú agbára gba awọ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ráyè kọjá. Níkẹyìn, á gba inú rẹ́sínì DI, èyí tó ń gbá ìyókù mú. Nílé wa, 90 ń di 4 lẹ́yìn awọ, ó sì ń di òdo lẹ́yìn rẹ́sínì.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó ń tà á kò sábà sọ. Àkọ́kọ́ ni agbára omi. Awọ náà fẹ́ bíi 50 sí 60 psi, òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń tì. Táǹkì òkè tó ga ní mítà mẹ́fà kò lè fúnni ju 8 tàbí 9 psi lọ. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, á máa kán tó, tó, tó, èyí tó bá sì jáde kò ní mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ ra páńpù kékeré tó ń tì í, páńpù náà sì fẹ́ iná. Èmi máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà, mo ń tọ́jú omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù tó dé, kò sí ọjọ́ tí mò ń tan jẹnẹrétọ̀ torí rẹ̀.

Èkejì ni irin. Irin inú omi kànga á dí awọ náà láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó pọ̀ nínú omi kànga wa: ó ń gba inú awọ kọjá bí ẹni pé awọ kò sí níbẹ̀, ó sì ń jẹ rẹ́sínì tán kíákíá. Ohun kan náà ló wo méjèèjì sàn fún mi. Mo ń bu omi kànga sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹnu rẹ̀ ṣí, mo ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ hó o di ọjọ́ kejì. Irin á di ìpẹtà, á rọ̀ sísàlẹ̀. Carbon dioxide á fò lọ. Mo wá ń fa omi òkè rẹ̀. Rẹ́sínì tí mò ń pààrọ̀ lóṣù méjì méjì tẹ́lẹ̀ ń lo oṣù márùn-ún báyìí.

Lítà kan tó mọ́ á da bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nù. A kì í dà á nù nílé wa, òun la fi ń fọ aṣọ, òun la fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ti oṣooṣù kéré. Òun nìkan ni mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi oṣù Kìíní àti ti oṣù Keje rẹ̀ kò yàtọ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn

Ẹ má fi ẹja sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Omi tó mọ́ jù lọ pàápàá kò tíì ní àwọn bakitéríà tó ń sọ ammonia di nitrite, àti àwọn tó ń sọ nitrite di nitrate. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó lórí òkúta àti iyanrìn. Ẹ fi ammonia díẹ̀ tàbí oúnjẹ ẹja díẹ̀ bọ́ wọn, ẹ máa yẹ omi wò. Nígbà tí ammonia àti nitrite bá ti padà sí òdo, tí nitrate sì ti yọjú, àyè ti ṣí fún ẹja. Ammonia inú omi iyọ̀ burú ju ti omi ẹja àrọ̀ lọ, nítorí pé bí pH bá ṣe ga tó ni oró rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé nítòsí etíkun Àgbádárìgì, tó ní mọ́tò àti dúrọ́ọ̀mù méjì, tó fẹ́ sin iyùn láìná owó púpọ̀ sórí iyọ̀: kó pọn omi òkun ní ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì ra báàgì iyọ̀ kan sílẹ̀ fún ìgbà òjò. Kó má retí pé omi òkun nìkan á gbé òun yí ọdún po.

Ẹni tó yá ilé yàrá kan gbé, tí àpótí rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún lítà lọ, tó fẹ́ clownfish, ẹja òkun kékeré kan, méjì àti òkúta díẹ̀: pure water tí mítà ka sísàlẹ̀ 20, pẹ̀lú iyọ̀. Kò ní láti lu ògiri onílé, kò nílò páńpù. Èyí ni mo sọ fún àbúrò mi tó pè mí.

Ẹni tí kànga rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, tó ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì, tó fẹ́ ẹja nìkan: kó lò ó. Kí ẹni tó fẹ́ iyùn tàbí edé má lò ó láìsẹ́.

Ẹni tí àpótí rẹ̀ ju igba lítà lọ, tàbí tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ fẹ́ òmíràn: kó ra ẹ̀rọ RO pẹ̀lú páńpù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Igba lítà fẹ́ báàgì pure water ogún fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ọwọ́ á bó.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, omi ẹ̀rọ yín le, ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má bù ú tààrà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja níbẹ̀ ń ta omi RO àti omi iyọ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Fún àpótí kékeré, ìyẹn ti tó yín. Ẹ ṣáà mú refractometer lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e.